Iṣan àlọ, iṣan àbọ̀: orúkọ wo ló yẹ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀?

Àbá kan wà nílẹ̀ pé kí a máa pe iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn ní "iṣan ẹ̀jẹ̀ mímọ́", kí èyí tó ń gbé e padà sì máa jẹ́ "iṣan ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí". N kò fara mọ́ ọn, torí ọkàn fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ lé orúkọ yẹn.

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Ẹ̀jẹ̀ tí ara ti lo ọ́síjìn inú rẹ̀ á wọ yàrá òkè lápá ọ̀tún, á sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn ti ń tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Iṣan tó gbà lọ kúrò nínú ọkàn lóòótọ́, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ṣú ló wà nínú rẹ̀. Àwọn iṣan tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ wá sí yàrá òkè lápá òsì ní tiwọn ń padà sílé, ẹ̀jẹ̀ wọn sì pọ́n yòò. Ṣé a ó wá pe ìyẹn ní ìdọ̀tí?

Ọ̀rọ̀ náà tún léwu. Ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ń fà ní ìgbọ̀nwọ́ ṣú nítorí pé ọ́síjìn inú rẹ̀ ti dín kù, kì í ṣe pé ó dọ̀tí. Àwọn tó ń ta àgbo "tó ń fọ ẹ̀jẹ̀" á kàn fi àbá yìí polówó ọjà ni.

Iṣan àlọ àti iṣan àbọ̀ ni mo fọwọ́ sí. Ọkàn la fi ń wọn lílọ àti bíbọ̀: èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni àlọ, èyí tó ń gbé e padà síbẹ̀ ni àbọ̀. Ògiri iṣan àlọ nípọn, ó sì ń nà, torí òun ló ń gba ipá ọkàn. Bí ọ̀bẹ bá gé e, ẹ̀jẹ̀ á máa tú pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Ògiri iṣan àbọ̀ fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kàn ń ṣàn jáde ni. Ní ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yí padà sísàlẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun sì ń fún un gòkè nígbà tí a bá ń rìn. Bí ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn bá dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dá síbẹ̀, iṣan á wú, á sì lọ́ lẹ́yìn ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tó ń dúró ta ọjà láti àárọ̀ dálẹ́ máa dúró sójú kan.

"Òpó ẹ̀jẹ̀" tí àwọn kan fẹ́ kò bá mi lára mu: òpó tí a fi gbé ilé ró kì í ní ihò nínú. Iṣan tó. Àmì ohùn ni kí ẹ jọ̀wọ́ má fò, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ sì ni bó ṣe ń ṣàn.

Ìfúnpá ló le jù. Oògùn tí wọ́n ń so mọ́ apá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, àwọn kan ń lò ó fún agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan. Agbára yẹn kì í ṣe ti apá nìkan. Kí ìfúnpá jẹ́ orúkọ aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá tí wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí, kí agbára náà máa jẹ́ ipá ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà méjì ló ń jáde: ti òkè ni ipá náà nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀, ti ìsàlẹ̀ ni ìgbà tó bá dẹ̀. Bó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti ga nìyẹn.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru" ti ta gbòǹgbò, kò ṣeé fà tu. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí èèyàn máa retí pé òun á mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí ọbẹ̀ bá ń ru bo ìkòkò. Ọ̀pọ̀ tó ní i kì í mọ nǹkan kan, wọ́n á sì pa oògùn tì títí rọpárọsẹ̀ á fi dé. Wíwọ̀n ló ń fi í hàn: kí onítọ̀hún tọ̀ tán, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú ọkàn. Ara lásán ni kí ẹ wé ìfúnpá mọ́, kì í ṣe orí bùbá. Bí ìfúnpá bá kéré jù fún apá ẹni tó sanra, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ.