"Ìyàwó ajalèlókun" kọ́ o: èsì mi lórí Anne Bonny àti Mary Read

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó fi pe "pirate", ẹni tó ń dá ọkọ̀ lọ́nà lójú òkun, nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa ni à ń jiyàn lé lórí. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní kí á máa pe Anne Bonny, obìnrin kan tó ṣe iṣẹ́ yẹn ní 1720, ní "ìyàwó ajalèlókun", torí pé inú ọkọ̀ John Rackham, ọ̀gá wọn, ló wà. Ẹ má bínú, sà, mi ò gbà. James Bonny ló gbé e níyàwó, kì í ṣe Rackham. Mary Read, obìnrin kejì tí wọ́n jọ wà lórí omi, ńkọ́? Ìyàwó ta la ó pe òun?

Nígbà tí wọ́n jí ọkọ̀ onígbòkun kan gbé ní Nassau, ní erékùṣù Bahamas, lóṣù kẹjọ ọdún 1720, gómìnà ibẹ̀, Woodes Rogers, kéde wọn. Ó dárúkọ obìnrin méjèèjì pẹ̀lú Rackham, orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, "pirate", ló sì fún gbogbo wọn. Ṣé àwa tí à ń fi "ó" kan ṣoṣo pe ọkùnrin àti obìnrin la ó wá máa pín in?

Ẹnìkan tún dábàá "ajalèlókunbìnrin". Ìyẹn kò yọ́ lẹ́nu rárá. A ní ẹrúbìnrin, a ní arábìnrin, àmọ́ ta ló ń pe adájọ́ ní "adájọ́bìnrin"?

"Ajalèlókun" alára fúyẹ́ jù lójú mi. Ẹni tó yọ ẹja nínú àwọ̀n ẹlòmíì lóru, òun náà jalè lójú omi. Adigunjalè ló bá a mu, torí ogun wà nínú rẹ̀: ẹni tó dira ogun kó tó lọ jalè. Ẹ gbọ́ ohun tí Dorothy Thomas, tí wọ́n dá lọ́nà nínú ọkọ̀ kékeré tó ń wà lọ, sọ nílé ẹjọ́ ní Jàmáíkà: ẹ̀wù ọkùnrin àti ṣòkòtò gígùn ni Bonny àti Read wọ̀, wọ́n fi áńkáṣíìfù di orí, àdá àti ìbọn ìléwọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ọmú wọn ló fi mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ló sì ń jágbe mọ́ àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n pa á, kó má baà jẹ́rìí takò wọ́n.

Ibi tí "obìnrin" ti yẹ kó hàn ni ẹ̀yìn ìdájọ́ àwọn obìnrin méjèèjì ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Wọ́n ti yẹgi fún Rackham ṣáájú. Àwọn méjèèjì ní àwọn lóyún, oyún yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n so wọ́n rọ̀. Inú ẹ̀wọ̀n ni Mary Read kú sí ní 1721.

Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, "adigunjalè orí òkun" ni mo dìbò fún, tọkùnrin tobìnrin. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, tí ogun inú rẹ̀ kò sì sọnù, kó mú un wá.