Owó alájẹṣẹ́kù wà lọ́wọ́ mi: ṣé ilẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkì ni kí n rà, àbí haafu pulọ́ọ̀tì ní Mọ́níyà?

Aránṣọ Sángo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Aṣọ ni mò ń rán ní Sángo, n'Ìbàdàn. Mi ò ra ilẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó rà á rí nínú àwa ọmọ ìyá mi, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n bèèrè kí n tó náwó. ₦1,400,000 ni mo ti fi pamọ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa tún ti gbà láti yá mi ní ₦1,400,000 tí n ó fi oṣù 18 san padà.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ilẹ̀ fi bọ́ọ̀sì kó wa lọ sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkì, wọ́n fún wa ní jọ̀lọ́ọ̀fù jẹ, wọ́n na ọwọ́ sí ibi tí ẹ̀sítéètì wọn máa wà. N ó san ₦500,000 sílẹ̀, n ó sì fi ọdún kan san ìyókù. Wọ́n ní excision rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ́jẹ́ǹtì kan mú mi dé ẹ̀yìn Mọ́níyà, haafu pulọ́ọ̀tì, ₦1,900,000, ilẹ̀ ẹbí ni. Ó ní bí mi ò bá sanwó títí di ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíì ti wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní tòun ní kí n gbàgbé ilẹ̀ rírà, kí n kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì sí iwájú ilé bàbá wa ní Ọjẹ́.

Èwo ni kí n mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá Awọnlẹ̀

Aránṣọ, ọmọ mi, kò sí yẹ̀yẹ́ níbí. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, láti ayé ìgbà tí à ń fa ṣéènì nínú igbó títí tí GPS fi dé. Iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ mọ̀ ni ọwọ́ ta ni ilẹ̀ náà wà: ṣé ọwọ́ ìjọba ni, ṣé ọwọ́ ẹbí ni, ṣé ọwọ́ ẹni tó ń tà á fún ọ ni lóòótọ́?

Láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti jáde, gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú. Ilẹ̀ tí ìjọba ti kéde pé òun gbà pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan wà tí wọ́n ti ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, bóyá títì, bóyá èbúté, bóyá ilé ìjọba. Ìyẹn, má bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà lórí ẹ̀, kò ní padà sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ láéláé. Ọ̀kan wà tí wọ́n kàn gbà lápapọ̀, tí abúlé lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ tàwọn sílẹ̀. Yíyọ yẹn ni wọ́n ń pè ní excision l'Ékòó, inú gàsẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba, ni wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sí. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní excision "ń lọ lọ́wọ́", ohun tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n ti kọ̀wé, ìjọba ò tíì dáhùn. Ó lè gbà, ó lè kọ̀. Owó rẹ ti wọlé wọn kí èsì tó dé.

Kódà bí gàsẹ́ẹ̀tì bá wà, kò tíì tán. Ìjọba lè yọ hẹ́kítà 20 sílẹ̀ fún abúlé kan, kí abúlé náà máa ta 60. Gbogbo àwọn tó rà yóò máa ju gàsẹ́ẹ̀tì kan náà síra wọn lójú. Ohun tó ń yanjú ẹ̀ ni kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ gbé GPS lọ, kó mú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà, kó gbé nọ́ńbà wọn lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, olórí awọnlẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ti Ọ̀yọ́ wà ní Sẹkitéríàtì, Agodi. Ti Èkó wà ní Aláùsá. Wọ́n á gbé e lé máàpù ìjọba, wọ́n á sì sọ ibi tó bọ́ sí fún ọ. Ṣáátìn là ń pè é. Òun ni kó o kọ́kọ́ náwó lé, kó o tó san kọ́bọ̀ fún onílẹ̀. Owó tí kò ju owó aṣọ ẹbí lásán lọ làwọn kan ń ráhùn pé ó pọ̀, tí wọ́n á wá lọ ju mílíọ̀nù sínú igbó.

Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkì kì í ṣe ibi burúkú o. Èbúté Lẹ́kkì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote wà níbẹ̀, èèyàn ń wọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ilẹ̀ gbówó lórí níbẹ̀ náà ló ń mú ìjọba nawọ́ sí i. Ní 2024 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ títì etíkun tó ń lọ sí Calabar, ilé àti ìsọ̀ tí wọ́n wó kì í ṣe kékeré. Mọ èyí pẹ̀lú: lábẹ́ òfin 1978 yẹn, bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó níwèé, ilé àti ohun ọ̀gbìn tó wà lórí ẹ̀ ni wọ́n ń díyelé. Fún ilẹ̀ gbalasa, owó ilẹ̀ tí onítọ̀hún san fún ìjọba lọ́dún yẹn nìkan ni yóò rí gbà. Ẹni tí ò níwèé wá ńkọ́?

Mọ́níyà náà nílò ṣáátìn. Rélùwéè ti ń ti Èkó débẹ̀ láti 2021, títì Circular Road tún wà lára àwọn iṣẹ́ tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń ṣe. Ẹ̀yìn títì ńlá àti ẹ̀yìn rélùwéè, ibẹ̀ ni èmi kì í ti í fọkàn tán ẹ́jẹ́ǹtì.

Ní ti ẹbí, mo fẹ́ kó o gbọ́ èyí dáadáa. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà, kóòtù ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí náà, bá sì dá tà á láìfi lọ àwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n ní kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, mọ́gàjí ní láti fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, náà fọwọ́ sí i, pẹ̀lú fọ́tò wọn lójú ìwé, kí lọ́yà TÌRẸ, kì í ṣe tiwọn, ló kọ àgírímẹ́ǹtì. Báǹkì ni kí owó gbà lọ. Lẹ́yìn náà ni wíwọn ilẹ̀ lórúkọ rẹ, kí kọ́pì pupa rẹ̀, èyí tí awọnlẹ̀ ń fi sílẹ̀ fún ìjọba, dé ọ́fíìsì Surveyor-General, kí nọ́ńbà orí àwọn òpó sìmẹ́ǹtì igun ilẹ̀ bá ti inú ìwé mu. Mo ti rí ìwé tí nọ́ńbà òpó inú ẹ̀ jẹ́ ti Ọgbọ́mọ̀ṣọ́, tí ilẹ̀ wà ní Ìdó.

Màmá Àgbowó

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ò dé ibi tó dùn mí. Ọmọ yìí fẹ́ yáwó.

Àbúrò mi, gbọ́. ₦1,400,000 lóṣù 18, tí a bá yọ èlé kúrò, ó ń lọ sí ₦78,000 lóṣooṣù. Ilẹ̀ Mọ́níyà tí ò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ yóò fún ọ ní èló lóṣooṣù? Òdo. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ni yóò máa san gbèsè ilẹ̀. Ọdún Iléyá àti Kérésì nìkan ni owó aṣọ ń rọ̀ jọ, èmi náà ti bá aránṣọ gbélé. Oṣù kejì àti ìkẹta ọdún ni àwọn alájẹṣẹ́kù yóò wá gba ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ rẹ.

Yàrá ni mò ń gbà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UI ní Àgbowó. Ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ ni, èmi ò ní tàn ọ́ pé ó rẹwà. Àmọ́ bí wọ́n ti ń wọlé ni wọ́n ń sanwó ọdún. Kò wá túmọ̀ sí pé owó jíjẹ ni gbogbo ẹ̀ o. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kònga á jó, sọ́kawéè á kún, òrùlé á jò, ẹnì kan á fa ilẹ̀kùn ya. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni, àwọn yàrá tí owó wọn tán láàárín rẹ̀ ṣófo. Mo máa ń yọ apá kan owó ilé sọ́tọ̀ kí n tó fọwọ́ kan ìyókù, bóyá nǹkan bàjẹ́ o, bóyá kò bàjẹ́.

Èmi á fi owó ara mi kọ́ ṣọ́ọ̀bù ní Ọjẹ́, n ó sì fi owó alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Ọjà Ọjẹ́ ni ọjà aṣọ òfì, o tilẹ̀ lè jókòó sí ọ̀kan kó o gba ọ̀kan fún ayálégbé.

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham

Ẹ jẹ́ kí n ti èyí bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní sísan díẹ̀díẹ̀, kó ka ojú ewé tó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá pàdánù oṣù kan tàbí méjì, àti iye tí wọn yóò yọ bí o bá ní o ò ṣe mọ́. Kó sì bèèrè nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fi ibì kan pàtó hàn ọ́ títí wàá fi san gbogbo ẹ̀ tán. Àwa tá a wà lókè òkun ni wọ́n ń fi èyí mú jù, torí fídíò drone ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa. Tún bèèrè ìwọ̀n ní mítà. Pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 ẹsẹ̀ n'Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 465 mítà onígun mẹ́rin. Mo ti rí ẹ̀sítéètì tó ń pe 300 ní pulọ́ọ̀tì kan.

Bàbá Awọnlẹ̀

Màmá Àgbowó, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn bọ́gbọ́n mu, mo gbà fún yín. Ti Ọjẹ́ ni mi ò gbà tán. Ilé bàbá, ilẹ̀ ẹbí ni. Ṣọ́ọ̀bù tó bá kọ́ síbẹ̀, kò lè tà á láìfi lọ ẹbí. Tí òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá wà dáadáa lónìí, àwọn ọmọ wọn ńkọ́? Kí wọ́n tó da yanrìn sílẹ̀, kí gbogbo ọmọ bàbá náà jókòó, àti ọmọ ìyàwó kejì bó bá wà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú lọ́yà pé owó ta ni wọ́n fi kọ́ ọ, pé ọdún mélòó ni yóò fi gba owó ṣọ́ọ̀bù kí ó tó di ti gbogbo ẹbí. Ní àkókò tí inú gbogbo wọn ń dùn ni kí wọ́n ṣe é.

Haafu pulọ́ọ̀tì náà, kó ronú sí i. 50 sí 50 ẹsẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé bá yọ àyè iwájú, ti ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́, tí sọ́kawéè gba tirẹ̀, ìyókù kì í tó ohun tí onílé ń rò lọ́kàn. Ilẹ̀ nìkan sì kọ́ ni owó. Ti ẹ́jẹ́ǹtì wà, ti lọ́yà wà, ti wíwọn wà, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì lè wá gba owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìnì. Ẹ̀ṣẹ̀ ni fífi ipá gba irú ẹ̀ lábẹ́ òfin Èkó ti 2016, àmọ́ ìgbà tí bíríkìlà bá ti wà lórí iṣẹ́, èèyàn mélòó ló ń ráyè kóòtù? Bèèrè gbogbo ẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì.

Aránṣọ Sángo

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin òbí mi. Mo ti fagi lé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkì. Mo pe ẹ́jẹ́ǹtì Mọ́níyà, mo ní mo fẹ́ mú awọnlẹ̀ wá kí n tó sanwó. Ó bínú, ó ní ṣé mo pe ẹbí náà ní olè ni. Nígbà tó yá ó ní kí n mú ₦20,000 wá fún àwọn ọmọ onílẹ̀ kí awọnlẹ̀ tó wọlẹ̀. Ó tún ní mọ́gàjí ń ṣàìsàn, ọmọ rẹ̀ ni yóò fọwọ́ síwèé. Ṣé kí n san án?

Bàbá Awọnlẹ̀

₦20,000 kọ́ ló ń dààmú mi, wọ́n sábà máa ń gba nǹkan, o lè ná an. Ọ̀rọ̀ mọ́gàjí ni kó o béèrè lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ǹtì náà. Ọmọ ò lè fọwọ́ sí i ní ipò bàbá rẹ̀ lẹ́nu lásán. Bí bàbá bá ń ṣàìsàn tí ó ṣì mọ ohun tó ń ṣe, kí lọ́yà rẹ lọ bá a nílé, kó fọwọ́ síwèé tàbí kó tẹ̀ka níwájú àwọn ará ìdí-igi yòókù. Bí wọ́n bá ní ọmọ ni ẹbí ti yàn láti máa ṣojú, ìwé tí ẹbí fi yàn án ńkọ́? Ní kí wọ́n mú un wá.

Ọjọ́ Ẹtì tó dá fún ọ, jẹ́ kó kọjá. Ní Sátidé, lọ síbẹ̀ fúnra rẹ láìmú ẹ́jẹ́ǹtì lọ. Bèèrè lọ́wọ́ fọkanáísà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà àti ìyá tó ń ta àkàrà pé ilé ta ni ilẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti tà á.