Eruku yangí lára táǹkì kékeré: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kùn, ẹ gbà mí o

Ọmọ Ìpẹru, Leeds:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la jọ to mọ́dẹ́lì táǹkì T-55 ti Tamiya, 1/35, ìyẹn ìdá kan nínú márùndínlógójì táǹkì gidi, ó ti dúró báyìí ó kù ká kùn ún. Ọmọ yẹn ní òun ò fẹ́ ti Rọ́ṣíà, àfi kó dà bíi ti ṣọ́jà Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá lọ sí Ṣàgámù. Gbogbo fídíò tí mo ń wò, ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ń fi sí i lára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ láti ilé lóṣù tó ń bọ̀, ṣé kí n ní kí wọ́n bá mi bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀rá ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Manchester:
Àbúrò, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín bu yẹ̀pẹ̀ kankan o! Òfin ìlú ọba ò gbà kéèyàn kó ilẹ̀ láti Nàìjíríà wọlé, nítorí kòkòrò àti àrùn tó ń ba irè oko jẹ́, tí wọ́n bá rí i nínú báàgì wọn wàhálà ni. Ẹ ò tiẹ̀ nílò ẹ̀. Hóró iyanrìn tó tó mílímítà 1 lára táǹkì 1/35, lójú ẹni tó ń wò ó òkúta tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3 àbọ̀ ni. Yẹ̀pẹ̀ gidi ti tóbi jù fún un.

Inú mi dùn sí ohun tí ọmọ yẹn béèrè, ó sì tọ̀nà, àwọn ṣọ́jà wa lo T-55 lóòótọ́, wọ́n sì ní táǹkì Vickers Mk 3 pẹ̀lú. Àwọ̀ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ kẹ́ ẹ tó mú búrọ́ọ̀ṣì, torí ilẹ̀ ló ń sọ ibi tí táǹkì ti ń bọ̀. Ilẹ̀ tiwa yangí ni, irin tó wà nínú ẹ̀ ló jẹ́ kó pọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fọ́tò Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ yí Ìjẹ̀bú ká, nǹkan bíi kìlómítà 160, ó sì ga tó mítà 20 láwọn ibì kan. Ẹ wo ara ògiri ẹ̀ dáadáa, ibi tó gbẹ lókè pupa rẹ́súrẹ́sú ni, ibi tí omi ti ń sẹ̀ nísàlẹ̀ pupa tó ń lọ sí dúdú ni. Àwọ̀ méjèèjì yẹn lẹ ń wá.

Iṣẹ́ wá yá. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ gbogbo ẹ̀, torí nǹkan ọ̀rá tí wọ́n fi yọ ọ́ nínú mọ́ọ̀dù ṣì wà lára rọ́bà yẹn, ọ̀dà ò ní dì í mú. Tó bá gbẹ, primer ló kàn, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kùn tó ń jẹ́ kí ọ̀dà yòókù dì mú. Tó bá jẹ́ ti agolo, òtútù Leeds ò dáa fún un, ẹ ri agolo náà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fúngbà díẹ̀, ẹ má gbé e sórí hítà tàbí sítóòfù láéláé, ó lè bú gbàmù. Ìta ni kẹ́ ẹ ti fọ́n ọn tàbí létí wíńdò, ẹ wọ másìkì, ẹ fi wọ ọmọ náà. Ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ọ̀rinrin a máa sọ ọ̀dà di funfun.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọ̀dà ti ṣí lára ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kùn ún ní àwọ̀ ìpẹtà, kó gbẹ, ẹ fọ́n hairspray sí i, èyí tó pọ́ọ́kú jù ní ṣọ́ọ̀bù ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi acrylic (ọ̀dà olómi) aláwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi yẹ́lò díẹ̀ là á lójú torí àwọ̀ máa ń dúdú sí i lára nǹkan kékeré. Tíyẹn náà bá gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó lómi díẹ̀ máa rá a, omi á wọlé lọ yọ́ hairspray yẹn, ọ̀dà òkè á máa ṣí díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín. Ọ̀dà lacquer ò lè ṣe é o, omi ò ràn án. Ẹ má sì ṣe é káàkiri ara ẹ̀, ibi tí ṣọ́jà ń fẹsẹ̀ tẹ̀ gòkè, etí ìlẹ̀kùn orí ẹ̀, etí mọ́dígáàdì, ibẹ̀ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ẹ fi fáníṣì tó ń dán bò ó, ẹ lẹ àwọn nọ́ńbà, kẹ́ ẹ wá po ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ búráùn mọ́ white spirit (omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóròóró) kó ṣàn. Ẹ kàn fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tín-ínrín kan ìdí bóòtù, ó máa fúnra ẹ̀ sáré yí i ká, bóòtù tẹ́ ò rí tẹ́lẹ̀ á yọ jáde kedere. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ. Sàlẹ́ńsà T-55, apá òsì ló wà, lórí mọ́dígáàdì lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ẹ kó ìpẹtà àti èéfín dúdú síbẹ̀. Ṣéènì ẹsẹ̀ ẹ̀ irin ni, ibi tó ń kan ilẹ̀ máa ń dán, pẹ́ńsùlù lásán lẹ máa fi rá a.

Ó wá kan eruku. Ẹ ra chalk pastel (ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ tí wọ́n fi ń yàwòrán), kì í ṣe olóròóró, ẹ fi sáńdípépà lọ̀ ọ́ kúnná. Burnt sienna (búráùn tó pọ́n) ló máa pọ̀ jù, yellow ochre (yẹ́lò bí amọ̀) díẹ̀, tó bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn ẹ fi funfun bíńtín sí i. Ti ìgbà òjò, burnt umber (búráùn tó ṣókùnkùn) ni dípò funfun, ẹ po ìyẹn mọ́ POP àti acrylic kó rí kókókòkò bí ìkọ́kọrẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ mọ́dígáàdì àti àárín wíìlì. Ti eruku gbígbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n sí i, ẹ wá kán white spirit sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó fà á wọlé. Ó máa kọ́kọ́ dúdú, ẹ má bẹ̀rù, tó bá gbẹ àwọ̀ ẹ̀ á padà. Ẹ má lo isopropyl (ọtí líle tí wọ́n fi ń nu nǹkan), ó lè yọ́ acrylic Tamiya yẹn.

Ọmọ Òde Rẹ́mọ, Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí i. Amẹ́ríkà níbí náà, èèyàn ò lè ṣàdédé kó ilẹ̀ wọlé láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá sì ń lọ sílé lọ́dún tó fẹ́ kó nǹkan lọ fún àwọn ọmọ, ọ̀dà agolo àti white spirit ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú, iná ń ràn wọ́n, acrylic olómi ni kẹ́ ẹ mú.

Ará Ìpẹru, iṣẹ́ wà fún ẹ̀gbọ́n yín o. Ẹ ní kí wọ́n fi bébà funfun lélẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa yẹn, kí wọ́n yà á ní fọ́tò nígbà tó gbẹ, kí wọ́n da omi sí i, kí wọ́n tún yà á. Fóònù máa ń yí àwọ̀ padà, tí bébà yẹn ò bá funfun nínú fọ́tò, a jẹ́ pé àwọ̀ ilẹ̀ náà ò pé.

Ọmọ Ìpẹru, Leeds:
Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti pè wọ́n nílé. Ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn eruku ṣé kí n tún fi fáníṣì bò ó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Manchester:
Rárá o, eruku á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Fáníṣì aláìdán lẹ máa fọ́n ṣáájú eruku, torí eruku kì í dúró lórí ibi tó ń dán. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, àpótí onígíláàsì ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé e wò, abẹ́ ẹ̀ ni kó ti dì í mú.