Báwo ni mo ṣe máa sọ irú ẹni tí mo jẹ́ láì dà bí ẹni tó ń fọ́nnu?

Arẹwà: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹgbẹ́ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ní kí oníkálukú wá fi ara rẹ̀ hàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ àti iṣẹ́ nìkan. Wọ́n ní ká sọ ìtàn kan tí ìwà wa tó dára jù ti hàn. Ìṣòro mi ni pé tí mo bá la ẹnu pé "onísùúrù ni mí", ojú á kàn máa tì mí ni. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Àgbà: Ọmọ mi, má dárúkọ sùúrù rárá. Ohun tó o ṣe ni kó o sọ, àwọn tó ń gbọ́ á sọ ọ́ lórúkọ fúnra wọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kó o mú. Obìnrin kan sọ tiẹ̀ létí mi rí: ó jókòó ti bàbá arúgbó kan tó fẹ́ mọ fóònù lò, wọ́n ń tẹ nọ́ńbà kan náà léraléra títí bàbá fi pe ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọmọ ṣe ní "ẹ̀ẹ́lò", ẹ̀rín gba bàbá lẹ́nu, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni obìnrin náà dákẹ́ sí. Ta ló tún ń wá àlàyé?

Àdùkẹ́: Òótọ́ ni Tíṣà sọ. Tó ò bá sì mọ ìwà tó o máa mú, bi ẹni tó sún mọ́ ẹ. Christopher Peterson àti Martin Seligman, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, to irú ìwà rere bẹ́ẹ̀ 24 jọ lọ́dún 2004. Ìgboyà àti inú rere wà níbẹ̀, ìmoore náà wà níbẹ̀, kódà àwàdà wà níbẹ̀! Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka àwàdà sí ìwà rere, ó sì máa ń dùn mí.

Olóòótọ́: Ẹ jẹ́ n fi kan kún un. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan lẹ ràn lọ́wọ́, ẹ má tú àṣírí onítọ̀hún kí tiyín lè dùn.

Arẹwà: Ẹ ṣeun gan-an. Tí a bá ń ṣèpàdé, mo máa ń wo àwọn tí kò tíì sọ̀rọ̀, màá sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò. Ṣé ìyẹn náà tó ìtàn?

Tíṣà Àgbà: Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù! Rántí ẹnì kan nínú wọn, kó o sọ ohun tó fi dá ẹ lóhùn lọ́jọ́ náà.