Ilé Olójúlé Mẹ́jọ ní Flatbush: Ohun tí Ojú Wa Rí

Ìrírí kìíní, láti Brooklyn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Nítorí ìbéèrè tí ọ̀kan nínú yín béèrè nípa ríra ilé tí òfin rent stabilization, òfin tí kì í jẹ́ kí onílé fi iye tó wù ú kún owó ilé, dè ní New York, mo ní kí n sọ bí tèmi ṣe rí, nítorí pé nígbà tí èmi ń wá ẹni tí n óò bi léèrè, gbogbo ẹni tí mo rí ni ó ní nǹkan tí ó ń tà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ra ilé olójúlé mẹ́jọ kan ní Flatbush, àdúgbò kan ní Brooklyn. Nọ́ọ̀sì ni mí. Awakọ̀ èrò ni àbúrò mi. Ọdún mọ́kànlá ni a fi dá àjọ kí a tó rí owó tí báńkì ní kí a kọ́kọ́ mú wá. Wọ́n ti kọ́ ilé náà ṣáájú ọdún 1974, ojúlé rẹ̀ sì ju márùn-ún lọ, nítorí náà òfin kàn án: ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án tí olórí ìlú ń yàn ni ó ń sọ iye tí a lè fi kún owó ilé lọ́dọọdún, ayálégbé sì ní ẹ̀tọ́ láti tún àdéhùn rẹ̀ ṣe nígbàkígbà tí ó bá parí.

Gbogbo èyí ni a mọ̀. Ohun tí alágbàtà fi ta ilé náà fún wa ni pé àgbàlagbà pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ojúlé kẹrin, níbi tí màmá arúgbó kan ti ń san 690 dọ́là lóṣù, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní èyí kò ní pẹ́ ṣófo. Lóòótọ́, nígbà náà, bí ojúlé kan bá ṣófo, onílé lè fi 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó rẹ̀, kí ó tún fi ti àtúnṣe kún un, bí owó náà bá sì kọjá gbèdéke kan, ojúlé náà bọ́ lọ́wọ́ òfin pátápátá. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi àti àbúrò mi jókòó ti tábìlì, a ń ṣírò ọjọ́ orí ẹni ẹlẹ́ni.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2019, gómìnà fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó dí ọ̀nà wọ̀nyẹn pa, tí ó sì dín ti àtúnṣe kù gidigidi. Ìyẹn dùn wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ojúlé kejì ni. Wọ́n ti sọ fún wa pé ó bọ́ lọ́wọ́ òfin láti ọdún 2014, obìnrin ará Haiti tí ó ń gbé ibẹ̀ sì ń san 1,800 dọ́là. Ní ọdún 2021, obìnrin náà gba ìwé ìtàn owó ilé rẹ̀ lọ́wọ́ DHCR, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ó sì rí i pé 940 ni ẹni tí ó gbé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ń san. Kí owó náà tó lè kọjá 2,500 tí ó jẹ́ gbèdéke ìgbà yẹn, lẹ́yìn 20 nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin gbà fún ojúlé tó ṣófo, onílé àtijọ́ ní láti ná nǹkan bí 55,000 dọ́là lórí àtúnṣe, nítorí pé ìdá kan nínú ogójì iye àtúnṣe ni òfin gbà kí a fi kún owó oṣooṣù. Ẹ wá wo ilé ìdáná náà: kọ́bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Rìsíìtì kankan kò sí. Omi tẹ̀yìn wọ igbín lẹ́nu, nítorí pé òfin kò wá ẹni tí ó jẹ owó náà lọ. Ẹni tí ó ni ilé lónìí ni yóò dá a padà, bí a bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ìlọ́po mẹ́ta ni.

Lọ́yà wa ní kí a má jẹ́ kí ó dé iwájú adájọ́. A dá owó ilé rẹ̀ padà sí 1,190 dọ́là, a sì san 28,000 fún un láàárín ọdún kan. Àbúrò mi ta mọ́tò rẹ̀. Kí a tó ra ilé yìí, a yẹ òrùlé wò, a yẹ páìpù wò, a sanwó fún ẹni tí ó yẹ ìpìlẹ̀ wò. Ojúlé mẹ́jọ ni. Ìwé ìtàn mẹ́jọ ni ó yẹ kí a ní kí ẹni tí ń tà á gbà wá fún wa, kí a kà wọ́n láti ọdún 1984 tí ìforúkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. A kò béèrè ẹyọ kan.

Màmá ojúlé kẹrin ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti bá a gbé ju ọdún méjì lọ, nítorí náà bí màmá bá kúrò, òun ni òfin fún lẹ́tọ̀ọ́ láti jogún àdéhùn náà.

Ìrírí kejì, láti Bronx

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ka ìwé ìtàn owó ilé kí n tó ra olójúlé mẹ́wàá nítòsí òpópónà Grand Concourse ní ọdún 2020, gbogbo rẹ̀ sì bára mu. Ìnáwó ni tèmi. Lọ́dún tí mo rà á, òdo ni ìgbìmọ̀ fi kún àdéhùn ọlọ́dún kan. Ní 2022, nígbà tí owó epo tí bọ́ílà ń jó fò sókè, 3.25 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fún wa. Lórí ojúlé tí ń san 950, kò pé 31 dọ́là. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kẹwàá títí dé ìparí oṣù Karùn-ún, ilé gbọ́dọ̀ móoru dé ìwọ̀n 68 Fahrenheit ní ọ̀sán bí ìta kò bá tó 55, àti 62 ní òru bí ó ti wù kí ìta rí. N kò bá òfin yẹn jà, nítorí pé èmi náà ti gbé ilé tí kò ní ooru rí.

Lẹ́yìn náà ni bàbá kan tí ó ti gbé ojúlé kẹfà fún ọdún mọ́kàndínlógójì kú. Wáyà iná, ilẹ̀ pákó, balùwẹ̀, kò sí èyí tí kò bàjẹ́. 61,000 dọ́là ni àwọn oníṣẹ́ ní àtúnṣe rẹ̀ yóò gbà. Òfin 2019 ní 15,000 péré nínú rẹ̀ ni mo lè kà láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí n pín in sí ọ̀nà 168, kí n fi ìdá kan kún owó ilé, ìyẹn 89 dọ́là lóṣù, lórí owó ilé 710. Mo ti ìlẹ̀kùn pa. Ní 2024 wọ́n gbé e sí 30,000, tàbí 50,000 fún ojúlé tí ẹnì kan gbé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí DHCR bá gbà. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Èsì wọn ni mo ń dúró dè kí n tó pe àwọn oníṣẹ́ padà.