Mo rí paramọ́lẹ̀, n ò sì pa á: ìrírí wa ní Dunwich Heath

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí fún yín. Òpin oṣù Keje ni. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, la jọ wa mọ́tò láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Dunwich Heath, létí òkun Suffolk. National Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilẹ̀ àti ilé àtijọ́, ló ń tọ́jú ibẹ̀ láti 1968. Ká má parọ́, nígbà tí a kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, mo rò pé ilẹ̀ tí wọ́n pa tì ni. Iyanrìn ni gbogbo ẹ̀, igi ò pọ̀, àfi ewéko kúkúrú tí wọ́n ń pè ní heather, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí àlùkò lọ títí dé bèbè òkun. Mo ní ègé gan-an ò lè ta níbẹ̀.

A ò tíì rìn jìnnà tí ọmọ mi, tó ṣíwájú, fi dúró gbọn-in. "Dádì, ẹ wò ó."

Ejò ni. Ó ká jọ sórí iyanrìn lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń yá oòrùn àárọ̀. Kò gùn ju apá mi lọ. Ara rẹ̀ rí bí eérú, ilà dúdú kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ dé ìrù. Ojú rẹ̀ pupa, ọmọlójú rẹ̀ sì tínrín ní òòró bíi ti ológbò. Adder ni, ìran paramọ́lẹ̀, òun nìkan sì ni ejò olóró tó ń gbé inú ìgbẹ́ Bìrìtéènì.

Ní oko bàbá mi n'Ìkirè, àdá ló máa ń kọ́kọ́ dá paramọ́lẹ̀ lóhùn. Kí n tó mọ̀, ojú mi ti ń wá igi. Bàbá òyìnbó kan tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló bá wa. Kò pariwo. Ó ní ká rọra fà sẹ́yìn, pé ẹni tó bá pa á ti rú òfin 1981 tó dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́, àti pé láti 1975, oró rẹ̀ ò tíì pa ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí. Síbẹ̀, ẹni tó bá bù jẹ, ọsibítù kíákíá ni, ẹ má fi ṣeré o. A dúró. Ejò náà yọ ahọ́n, ó tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wọ abẹ́ heather lọ. Ọmọ mi mí kanlẹ̀. Èmi náà mí.

Bàbá yẹn ló là mí lóye nípa ilẹ̀ náà. Igbó ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ìgbàanì ló gé e, àgùntàn ń jẹ̀ níbẹ̀, bí wọn ò bá sì máa tu igi kéékèèké títí dòní, igbó á tún gbà á padà. Èyí tí mo pè ní pípatì, àṣé iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Lọ́sàn-án, a dé etí bèbè. Àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ gbẹ́ ihò sí ara ògiri iyanrìn, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Láti ibẹ̀ lèèyàn ti ń wo ibi tí ìlú Dunwich àtijọ́ wà. Èbúté ńlá ni nígbà kan, kí ìjì 1286 àtàwọn tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ. Ìwọ̀nba ilé díẹ̀ ló kù. Ọmọ Ìlàjẹ nìyàwó mi. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Ẹ wò ó, bí òkun ṣe ń gba Ayétòrò wa náà nìyí." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

A dúró di alẹ́ nítorí ẹyẹ kan tó ń jáde lálẹ́, tí wọ́n ń pè ní nightjar. Ilẹ̀ lásán ló ń yé ẹyin sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ so ajá yín mọ́ okùn. Tó bá di ìgbà òtútù, apá Kóńgò lọ́hùn-ún lọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń lọ. Aago mẹ́sàn-án kọjá dáadáa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà náà la gbọ́ ọ: kẹrẹrẹrẹrẹ, bíi maṣíìnì ìránṣọ tí télọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láìsinmi. Ìró náà dáwọ́ dúró lójijì, ẹyẹ náà fò kọjá lórí wa, àmì funfun hàn níyẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbá ìyẹ́ méjèèjì pọ̀, pá, pá!

Ọmọ mi pàtẹ́wọ́ dá a lóhùn.