Ṣé chess lè bọ́ ènìyàn? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí chess. Àbúrò wa kan n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 19, tí rating FIDE rẹ̀ (àmì tí àjọ chess àgbáyé fi ń díwọ̀n agbára atachess) jẹ́ 2050, fẹ́ fi yunifásítì sílẹ̀ kó máa ta chess jẹun. Ọ̀rọ̀ oyè chess ló ń kọ wá lóminú. Kó tó di International Master (IM) lọ́nà tó wọ́pọ̀, rating rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan 2400, kó sì gba norm mẹ́ta, ìyẹn èsì ìdíje tó kún ojú òṣùwọ̀n oyè náà. Fún norm kan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò ta ayò chess mẹ́sàn-án, kí performance rẹ̀ (rating tí èsì rẹ̀ nínú ìdíje náà bá mu) tó 2450. Ó kéré tán, mẹ́ta nínú àwọn tó bá ta ayò gbọ́dọ̀ jẹ́ IM tàbí GM (Grandmaster, oyè tó ga ju IM lọ), àjèjì sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń bàjẹ́: irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nílé, fisà, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àti hòtẹ́ẹ̀lì á sì ti jẹ owó ẹ̀bùn tán kó tó dé.

Kíkọ́ ọmọ ilé ìwé ló jọ pé ó ń mówó wọlé déédéé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni, ẹ jọ̀ọ́, eélòó lẹ ń gbà ní wákàtí kan? Ṣé àwọn ilé ìwé máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí? Àbí kó kàwé tán ná, kó máa fi ìsinmi díje?